Ṣé Calipari Jẹ Owó Kentucky Gbé Ni?

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Bàbá ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì ni wọ́n sì ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ní John Calipari, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Kentucky tẹ́lẹ̀, jẹ owó ilé-ìwé náà gbé ni. Wọ́n ní mílíọ̀nù 86 dọ́là fún ẹni tó gba ife ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, olè ni. Èmi rò pé owó náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àna kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá jiyàn. Ta ló jàre? Ṣé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ni wọ́n sì fi ń san irú owó yẹn? Mark Pope tí wọ́n gbà sípò rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun ló wọ́n jù ni àbí òun ló dín jù?"

Àbúrò mi, ìwọ lo jàre títí di ọdún 2019. Láti ọdún náà lọ, àna rẹ ló jàre. Ohun tó pín ẹjọ́ náà sí méjì ni ìwé àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn. Iye owó tó wà lókè ìwé ni gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ìwé ni ọ̀ràn wà, níbi tí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí bí ilé-ìwé bá fẹ́ dá ọkùnrin náà dúró.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ilé ṣe rí kí Calipari tó dé. Kentucky ti gba ife NCAA, ìyẹn ife àwọn yunifásítì gbogbo Amẹ́ríkà, ní ìgbà méje. Mẹ́rin nínú rẹ̀, Adolph Rupp ló bá wọn gbà á, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ Rupp Arena tó ń gba òǹwòran tó lé ní 20,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ: bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wọn. Billy Gillispie gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2007. Ní sáà rẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ náà kò rí ìdíje NCAA wọ̀ rárá, wọ́n sì lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2009. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ọdún méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láì fọwọ́ sí ojúlówó àdéhùn. Ìwé ìfohùnṣọ̀kan kékeré kan ni wọ́n jọ ń lò. Ilé-ìwé ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí àdéhùn, àwọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n yanjú rẹ̀ níkẹyìn, ó sì gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3 dọ́là. Lójú tèmi, ìyà tí àìsí ìwé fi jẹ wọ́n nígbà yẹn wà lára ohun tó mú wọn kọ ìwé tó le jù nígbà tó yá.

Calipari dé láti Memphis lọ́dún 2009 kan náà, pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 31.65 dọ́là. Kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún. Àwọn kan pariwo nígbà náà pé owó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n rí gbà fún un. Láàárín sáà mẹ́wàá àkọ́kọ́, Kentucky wà lára ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ìdíje NCAA ní ìgbà méje. Wọ́n dé Final Four, ìyẹn ipele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ní 2011, 2012, 2014 àti 2015. Wọ́n gba ife ní 2012, wọ́n sì tún dé àṣekágbá ní 2014. Ní sáà tó parí ní 2015, ìdíje 38 ni wọ́n borí léraléra kí Wisconsin tó gbo ewúro sí wọn lójú. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé owó sáà wọ̀nyẹn pọ̀ jù, kò mọ iye tí wọ́n ń san níbòmíràn ni.

Òfin kan ni Calipari fi ṣe gbogbo ẹ̀. Láti dráfítì ọdún 2006 (ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, fi ń yan òṣèré tuntun) ni NBA ti sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà kankan ò gbọdọ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn àfi tó bá ti pé ọmọ ọdún 19, tó sì ti lo ọdún kan lẹ́yìn tó jáde ní sẹ́kọ́ńdírì. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yòókù ń ráhùn pé ọmọ á wá lo oṣù bíi mélòó kan, á sì lọ. Calipari ní kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n sì máa lọ. Lọ́dún 2010, márùn-ún nínú ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mú ní ìpele kìíní dráfítì, John Wall sì ni ẹni àkọ́kọ́ pátápátá tí wọ́n pè. Anthony Davis ni ẹni àkọ́kọ́ ní 2012, Karl-Anthony Towns ní 2015. Ọmọ tó bá rí ìyẹn, àti òbí tó bá rí i, ibo ni wọ́n tún fẹ́ lọ?

Àwọn kan máa ń sọ pé kíkó ọmọ jọ ló mọ̀, pé kò mọ bọ́ọ̀lù kọ́ni. Sọ fún wọn kí wọ́n lọ wá àṣekágbá 2012 wò, Kentucky àti Kansas, ní New Orleans, 67 sí 59. Kí wọ́n gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa wo Davis. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló sọ bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹyọ kan péré ló wọlé. Àmì mẹ́fà ni gbogbo ohun tó rí, tòun ti èyí tó rí nínú bọ́ọ̀lù ìjìyà. Síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn òṣèré tó ta yọ jù. Bọ́ọ̀lù 16 tó ta padà ló gbá mú, mẹ́fà ló sì lù kúrò lójú ọ̀nà apẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn Kansas fẹ́ sọ ọ́ wọlé. Ọmọ ọdún 19 ni o, tí gbogbo ayé ti sọ fún pé òun ni olórí gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù kò wọlé fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù, kò bínú, kò fipá sọ òmíràn, ó kàn dúró síbi tí iṣẹ́ wà. Ọmọ tí wọn ò kọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ sì ni ìwọ àti àna rẹ ti jọ ṣì í. Ẹ̀yin méjèèjì ń ka ife bí ẹni pé ife ló ń sanwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdíje NCAA ń pa owó ńlá. Àfikún àdéhùn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe lọ́dún 2016, mílíọ̀nù lọ́nà 8,800 dọ́là ni, yóò sì parí ní 2032. Ṣùgbọ́n owó náà kì í wọ àpò ẹgbẹ́ tó borí tààrà. Gbogbo eré tí ẹgbẹ́ kan bá gbá nínú ìdíje náà, yàtọ̀ sí àṣekágbá, ní ìpín kan tó ń mú wá, ìpín kan lóde òní tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 dọ́là tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Líìgì ni wọ́n ń san án fún, líìgì ló sì ń pín in. SEC, líìgì tí Kentucky wà, ní ẹgbẹ́ 14 láti 2012 títí Calipari fi lọ. Ká ní Kentucky gba ife, ìpín márùn-ún, mílíọ̀nù 10 dọ́là. Pín in dọ́gba sí ọ̀nà 14. Gbogbo ohun tó kan Kentucky láàárín ọdún mẹ́fà yẹn ò ju owó oṣù kan Calipari lábẹ́ àdéhùn 2019 lọ. Owó oṣù kan!

Ibi tí owó rẹ̀ ti ń jáde ni tíkẹ́ẹ̀tì, ọrẹ àwọn olówó tó ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀tọ́ ìpolówó. Lọ́dún 2014, lọ́dún kan náà tí wọ́n dé àṣekágbá yẹn, JMI Sports gba láti san mílíọ̀nù 210 dọ́là fún Kentucky láàárín ọdún 15 nítorí ẹ̀tọ́ yìí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Amẹ́ríkà náà wà nínú ẹ̀, mi ò ní sọ pé Calipari nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ pé ká ní Gillispie ṣì ni, ṣé iye tí wọ́n máa dárúkọ nìyẹn? Àwọn èèyàn tó ń fọkàn sí ẹgbẹ́ ló ń mú owó wá, ife ò ju ọ̀kan lára ohun tó ń mú kí wọ́n fọkàn sí i. Nítorí náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò gba ife ṣùgbọ́n tí gbogbo ìlú ń dúró de ìdíje rẹ̀ lè tọ́ sí owó rẹ̀. Èyí tó gba ife rí, tí inú ìlú wá ń bí sí, lè má tọ́ sí i mọ́.

Ìdáhùn sí ti owó ilé-ìwé ọmọ kò gùn. Nígbà tí Calipari wà ní Kentucky, ẹ̀ka eré ìdárayá ló ń fi owó tó pa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwọn yunifásítì kéékèèké ló ń bu owó eré ìdárayá mọ́ owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san, ibẹ̀ ló sì yẹ kí òbí ti máa bínú. Pé akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó jù ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òótọ́ ni, ó sì burú lójú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé owó rẹ̀, àwọn olùkọ́ ò ní rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹ̀.

Ká wá dé ọdún 2019. Ní òpin oṣù Kẹta, Auburn na Kentucky nínú àfikún àkókò, wọn ò rí Final Four wọ̀. UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá lákòókò náà, ojú wọn sì wà lára Calipari. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ẹ̀rù ba Kentucky. Wọ́n sáré ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 86 dọ́là. Àdéhùn títí ayé ni àwọn èèyàn ń pè é, nítorí pé ó fún un láyè láti fi pápá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, kó sì máa gba nǹkan bíi 950,000 dọ́là lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí aṣojú ilé-ìwé. Ìyẹn gan-an ò bí mi nínú. Owó oṣù náà ò bí mi nínú. Èyí tó burú ni owó gbà-má-bìínú: tí wọ́n bá lé e láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ sí àdéhùn, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n máa san fún un. Ó dà bí onílé tó kọ ìwé fún ayálégbé pé bí òun bá ní kó kó jáde, òun lòun máa kọ́ ilé tuntun fún un. Láti ọjọ́ náà, ayálégbé ti di onílé.

O lè ní àdéhùn ńlá ni, gbogbo wọn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Rárá. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní kí owó gbà-má-bìínú máa dín kù kíákíá, àwọn mìíràn sì sọ pé tí ẹni tí wọ́n lé bá ríṣẹ́ síbòmíràn, kí wọ́n yọ owó tuntun rẹ̀ kúrò nínú tàtijọ́. Ẹni tó ń bá UCLA du nǹkan kì í rántí àwọn gbólóhùn kéékèèké wọ̀nyẹn.

Sáà àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ dára. Ìdíje 25 ni wọ́n borí, mẹ́fà ni wọ́n pàdánù, wọ́n sì ṣe kìíní nínú SEC kí Kòrónà tó gbá ìdíje NCAA dànù ní 2020. Mi ò ní fi ìyẹn sí i lọ́rùn. Sáà tó tẹ̀ lé e, 9 ni wọ́n borí, 16 ni wọ́n pàdánù. Ní 2022, Saint Peter's, ilé-ìwé kékeré kan láti Jersey City, na wọ́n lọ́jọ́ kìíní, 85 sí 79, bẹ́ẹ̀ sì ni Oscar Tshiebwe, òṣèré tó dára jù lọ́dún yẹn ní gbogbo Amẹ́ríkà, sọ 30 wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà fún Kentucky. Ní 2023 wọ́n na Providence, Kansas State wá rán wọn lọ sílé. Ní 2024, Oakland.

Ti Oakland yẹn, mo fẹ́ kí àna rẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé wà. Ní Pittsburgh ni. Kentucky ní Reed Sheppard àti Rob Dillingham, ọlọ́dún kìíní méjèèjì, tí wọ́n mú ní ipò kẹta àti ìkẹjọ nínú dráfítì lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Oakland ní Jack Gohlke, ọmọ ọdún 24, tó ti gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Hillsdale, ní Division II, ìpele tó wà nísàlẹ̀ tiwọn, kó tó wá lo ọdún tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn. Orí bẹ́ńṣì ni wọ́n ti mú un wọlé. Ogún ìgbà ló sọ bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta, mẹ́wàá wọlé. Àwọn ọmọ Kentucky ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pẹ́ dé, wọ́n ń fojú wá ara wọn pé ta ló yẹ kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmì 32 ló gbé lọ sílé, Oakland borí, 80 sí 76.

Kí ló dé? Ayé ti yí padà mọ́ Calipari lọ́wọ́. Kòrónà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún kan lé, wọ́n wá ń gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi di ọkùnrin. Láti 2021, òfin jẹ́ kí òṣèré kúrò ní ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn láì jókòó sílé fún sáà kan. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbà kí wọ́n máa fi orúkọ wọn pa owó. Ilé-ìwé kékeré wá lè ní ẹni ọdún 23, 24, mẹ́rin márùn-ún, tí ara wọn ti gbó, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbèjà ara wọn. Àwọn ọlọ́dún kìíní, bó ti wù kí ẹ̀bùn wọn pọ̀ tó, ó di dandan kí wọ́n ṣìnà nígbà mìíràn. Calipari kò yí ọgbọ́n rẹ̀ padà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì fún ẹnikẹ́ni lágbára láti sọ fún un pé kó yí i padà.

Ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ: sáà márùn-ún lábẹ́ àdéhùn tuntun, nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là, ìborí ẹyọ kan nínú ìdíje NCAA. Kí wọ́n lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2024, owó tó lé ní mílíọ̀nù 33 dọ́là ni wọ́n máa kó kalẹ̀. Mitch Barnhart, tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá wọn nígbà náà, kéde pé Calipari ń padà bọ̀. Kí ló tún fẹ́ sọ? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Calipari fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù, ó lọ sí Arkansas tó wà nínú SEC kan náà, fún ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ́dún. Kentucky ò san kọ́bọ̀ nínú mílíọ̀nù 33 yẹn. Arkansas ló bá wọn tú okùn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so mọ́ra, mi ò sì rò pé wọ́n ti dúpẹ́ tó.

Ohun kan wà tí àna rẹ ò ní fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n bá mi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Tí a bá bèèrè bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá tọ́ sí owó rẹ̀, ó yẹ ká bèèrè pé lójú ta ni. Bam Adebayo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lo ọdún kan péré lọ́dọ̀ Calipari. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ò rí Final Four wọ̀ ní 2017, Miami Heat sì mú un ní ipò kẹrìnlá lọ́dún kan náà. Ó ti gba góòlù Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Lọ́dọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti ìyá tó tọ́ ọ, Calipari ò jẹ owó ẹnikẹ́ni gbé. Ṣáájú ẹ̀, Hakeem Olajuwon tiwa, ọmọ Èkó, dé Final Four lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ Guy Lewis ní Houston, 1982 sí 1984, wọn ò gba ife kankan. North Carolina State gba ti 1983 mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, 54 sí 52. Wọ́n bú Lewis títí. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sí ilé àwọn akọni. Ká ní ife nìkan ni wọ́n fi ń wọn owó ni, wọn ì bá ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ padà.

Tó o bá ń wá ẹni tó ṣe é dáadáa jù nínú ọ̀rọ̀ àdéhùn, Tony Bennett, akọ́nimọ̀ọ́gbá Virginia tẹ́lẹ̀, ni màá dárúkọ. Ní 2018, nínú ìdíje àwọn ọkùnrin, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tò sípò kìíní kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ tí wọ́n tò sípò kẹrìndínlógún na; UMBC ló nà wọ́n, 74 sí 54. Wọn ò lé e. Ní 2019 ó gba ife. Wọ́n fẹ́ fi kún owó rẹ̀, ó ní òun ò gbà á, kí wọ́n fi ṣe nǹkan fún àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mi ò sì ní kí ilé-ìwé kankan máa retí rẹ̀. UConn, Yunifásítì Connecticut, ò retí rẹ̀: lẹ́yìn tí Dan Hurley, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, gba ife 2023 àti 2024, tí ẹgbẹ́ Lakers ti NBA tún ń fẹ́ ẹ, wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 50 dọ́là fún ọdún mẹ́fà. Ife méjì léra wọn, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rù tó ba Kentucky ní 2019 náà ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ti Mark Pope ló kù. Ó wà lára àwọn tó gba ife 1996 fún Kentucky nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àdéhùn ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un, mílíọ̀nù 27.5 dọ́là. Ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó dé ipele ẹgbẹ́ 16 tó kẹ́yìn kí Tennessee tó dá a padà. Calipari náà, ní Arkansas, dé ipele kan náà lọ́dún kan náà, ó tilẹ̀ wá sí Rupp Arena ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó na Pope níbẹ̀, 89 sí 79. Àwọn alátìlẹ́yìn Kentucky hó lé e lórí nígbà tó ń wọlé. Bí a bá ní ká fi owó wé èrè, Pope dín ju Calipari lọ fún iṣẹ́ kan náà ní sáà yẹn, ìyàtọ̀ náà lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún. Láti oṣù Keje ọdún 2025, ilé-ìwé ti lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ náà, tààrà láti inú àpò rẹ̀. Mílíọ̀nù kan tó yọ lára owó akọ́nimọ̀ọ́gbá lè ra ọkùnrin ọdún 23 kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ̀ lé Gohlke. Èmi ni mo ní owó náà, ibẹ̀ ni màá ná an sí.